Ọ̀nà Mẹ́ta sí Bẹ̀líìnì

Èlùbọ́ ni Hàjàrá rù láti Kambolé lọ sí Sokodé, lẹ́bàá ọ̀nà ló ti bá ọkọ rẹ̀ tó ń fọ́ òkúta. Ọkọ tí gbogbo Kambolé gbà pé ó ti wà ní Bẹ̀líìnì, olú ìlú àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn.

Kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà jókòó tẹ̀léra wọn nínú oòrùn, eruku funfun bo orí àti irùngbọ̀n wọn, sójà kan sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìbọn àti kòbókò. Ó ti ń kọjá lọ nígbà tí ẹnìkan wúkọ́. Ikọ́ yẹn ló dá a dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Àlàbí. Àkísà kan wé mọ́ ojú òsì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ àkísà náà.

Hàjàrá bu èlùbọ́ kún fìlà sójà kí ó lè fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀. Àlàbí kò dá òòlù dúró bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní Múdàṣírù ló mú òun wá síbẹ̀, pé kí òun ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ òkun tó dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, sójà pe orúkọ Yàhàyá ará Kambolé, Múdàṣírù sì gbún Àlàbí ní ìgúnpá pé kó dáhùn. Ó rò pé ara ètò ìrìn àjò ni. Nígbà tó yá tó ní òun kì í ṣe Yàhàyá, wọ́n dà á dọ́bálẹ̀, wọ́n nà án. Lẹ́yìn èyí ni èérún òkúta fò wọ ojú rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń ríran?" Hàjàrá bi í.

"Ó ti fọ́."

Hàjàrá kò sunkún. Ó wo ilẹ̀ tí Àlàbí jókòó sí, ó wò ó pẹ́. "Ibi tó o jókòó sí yìí," ó ní, "ibẹ̀ ni màá mú Múdàṣírù wá jókòó sí."

Kò sí ẹni tí kò mọ Múdàṣírù ní Kambolé. Ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun ló wọ ìlú, ó wọ kóòtù sójà tó ti gbó àti bàtà aláwọ, ó ní òun ti sin àwọn Jámánì dé ìlú wọn, òun sì ti bọ̀. Ó ní Káísà ọba wọn ń wá àgbẹ̀ Kambolé tí yóò wá fi bí a ṣe ń kọ ebè iṣu han àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Bẹ̀líìnì. Ó júwe ilé alájà lórí ajà, àti iná tó ń tàn láìsí epo. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ àwọn ènìyàn létí jù ni pé ẹni tó bá ti Bẹ̀líìnì dé, wọn kò ní mú un ṣe iṣẹ́ ọ̀nà mọ́ láyé. Iṣẹ́ ọ̀nà tí Jámánì ń fipá múni ṣe yẹn ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Sójà á kàn dé ni, á mú ẹni tó bá fẹ́ mú, oko onítọ̀hún á sì di igbó.

Ọ̀nà mẹ́ta ló là kalẹ̀, kí olówó àti tálákà lè rí tiwọn mú. Ẹni tó bá fa màlúù méjì sílẹ̀ yóò sùn nínú yàrá onílẹ̀kùn nínú ọkọ̀, yóò máa jẹ ẹran lójoojúmọ́, yóò sì wọ ààfin Káísà. Ẹni tó bá mú àgbò àti aṣọ òfì wá yóò sùn lókè ọkọ̀ nínú atẹ́gùn, yóò rí ìlú, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ààfin ni yóò mọ. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan yóò fi agbára rẹ̀ san án ní Sokodé. Yàhàyá, tó ní màlúù jù ní Kambolé, mú ti àkọ́kọ́. Àlàbí, tí àìsàn ti pa ewúrẹ́ rẹ̀ tán, mú ti ìkẹyìn. Hàjàrá bẹ̀ ẹ́ títí kó má lọ. Ní àṣálẹ́ tí wọ́n fi ń jiyàn ọ̀rọ̀ náà, Múdàṣírù wà níbẹ̀ tó ń jẹ iyán Hàjàrá, ó gbé Ràbíátù ọmọ wọn lé itan, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ọba àwọn Jámánì.

Nígbà tí Hàjàrá kúrò lọ́dọ̀ Àlàbí, ó gbé èlùbọ́ rẹ̀ dé Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, lọ́dọ̀ Ràṣídì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta obì níbẹ̀. Ràṣídì gbọ́ èdè Tem ti àwọn ará ibẹ̀, ó gbọ́ Haúsá, ó sì mọ ilé tí Múdàṣírù ń dé sí lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Wọ́n jọ lọ. Múdàṣírù kò sí nílé, obìnrin tó ń dáná fún un sì ní kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ràṣídì kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣí yàrá ìsàlẹ̀.

Yàhàyá ló jókòó sórí ẹní. Ó ti sanra, àwọ̀ rẹ̀ ti mọ́ bí àwọ̀ ẹni tí oòrùn kò pa rí. Ó ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Ó ní dókítà inú ọkọ̀ kì í gba ẹni tí oòrùn bá ti pa dúdú, ìdí nìyẹn tí òun kò fi ń jáde. Ẹran wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ alápatà tó ra màlúù òun ni ẹran náà ti ń wá.

"Bàbá," Hàjàrá ní, "ẹnìkan ń jẹ́ orúkọ yín lójú ọ̀nà. Òkúta ti fọ́ ọ lójú."

"Irọ́ ni."

"Ẹ wá fi etí ara yín gbọ́ ọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi agbádá Ràṣídì bò ó lórí, wọ́n mú un dúró sẹ́yìn igi emi kan nítòsí àwọn òṣìṣẹ́. Sójà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Nígbà tó pe Yàhàyá Kambolé, Àlàbí dáhùn. Yàhàyá lóṣòó sílẹ̀, ó fi agbádá bojú. Ó jẹ́wọ́ fún wọn pé òun gbọ́ pé Jámánì ti pe orúkọ òun fún iṣẹ́ ọ̀nà, Múdàṣírù sì ní kí òun má dààmú, pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Òun kò bi í bó ṣe yanjú ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n kí òun padà sínú yàrá, nítorí bí òun bá fara hàn, òun náà ni wọn yóò kó òòlù lé lọ́wọ́.

"Bí ẹ bá wọ yàrá yẹn padà," Hàjàrá ní, "èmi ni màá mú sójà wá síbẹ̀."

Yàhàyá tẹ̀lé wọn.

Wọ́n gbọ́ pé ìlú Ṣámbà ni Múdàṣírù ti ń kó èrò mìíràn jọ, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń dáná fún un ti ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n ní ó ti da màlúù méje síwájú, ó ti kọrí sí ẹnubodè ilẹ̀ Faransé. Bó bá ti ré ẹnubodè kọjá, ọwọ́ Jámánì kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ràṣídì sáré ṣíwájú, ó ń tọ ipa ìgbẹ́ màlúù. Hàjàrá ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú Yàhàyá, tí ìjókòó inú yàrá ti gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń jókòó sábẹ́ gbogbo igi.

Ràṣídì bá àwọn màlúù náà lójú ọ̀nà, wọ́n ń jẹko, kò sí darandaran. Múdàṣírù ti fi wọ́n sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá. Ràṣídì sá wọ abà kan níwájú. Kó tó sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin abà ti bò ó, wọ́n dè é mọ́ igi. Múdàṣírù ti sọ fún wọn pé gbọ́mọgbọ́mọ kan ń lé òun bọ̀. Ràṣídì búra, ó fi Ọlọ́run jẹ́rìí, wọn kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ń pọ́n àdá.

Ibẹ̀ ni Hàjàrá dé bá wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ohùn rẹ̀ ti há. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó kàn bi wọ́n pé ta ló ní ọmọ ní Bẹ̀líìnì nínú wọn.

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Àníkẹ́ dáhùn pé ọmọ òun wà níbẹ̀.

"Ọ̀nà wo lẹ mú fún un?"

"A kò ní nǹkan kan. Agbára rẹ̀ ló fi lọ."

"Ọmọ yín ń fọ́ òkúta ní Sokodé, ìyá. Orúkọ ẹlòmíì ló ń jẹ́." Ó tọ́ka sí ọkùnrin tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹni tó fa màlúù méjì sílẹ̀ nìyí. Inú yàrá kan ní Komah ni Bẹ̀líìnì tiẹ̀ parí sí."

Yàhàyá mi orí pé òótọ́ ni. Àníkẹ́ na ọwọ́ sí àká àgbàdo.

Wọ́n fa Múdàṣírù jáde nínú háríhá àgbàdo. Àdá mẹ́ta lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Hàjàrá bọ́ sí àárín. Kì í ṣe àánú ló ṣe é. Ó ní bí wọ́n bá pa á, ta ni yóò sọ fún Jámánì pé Àlàbí kì í ṣe Yàhàyá? Ta ni yóò dárúkọ ọmọ Àníkẹ́? Ó ní ikú yá jù fún un. Wọ́n tú Ràṣídì, okùn rẹ̀ náà ni wọ́n fi de Múdàṣírù. Hàjàrá lóṣòó sí iwájú rẹ̀.

"O dé Bẹ̀líìnì rí?"

"Mo dé ibẹ̀."

Hàjàrá wo àwọn tó mú àdá lọ́wọ́.

"N kò dé ibẹ̀," Múdàṣírù ní.

"O rí òkun rí?"

"N kò rí i."

"Níbo lo ti rí gbogbo ilé tó o júwe?"

"Mo máa ń fọ abọ́ nílé Jámánì kan ní Atakpamé. Àwòrán ìlú wọn wà lára ògiri rẹ̀."

"Àwọn wo lo ta?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Ó ń gba ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ àwọn olówó tí Jámánì pè fún iṣẹ́ ọ̀nà, ó sì ń fi àwọn tó fẹ́ fi agbára lọ sí Bẹ̀líìnì dí àlàfo wọn. Nígbà tí orúkọ ọmọ Àníkẹ́ jáde, ìyá àgbà náà gbá a létí. Kò sí ẹni tó dá a dúró.

Wọ́n fi ẹsẹ̀ mú un rìn dé Sokodé. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wọ̀, Hàjàrá á ní kó dúró sí gbangba kó tún ìjẹ́wọ́ náà ṣe. Ní Ṣámbà, àwọn tó ti mú àgbò wá fún un nínú ọ̀sẹ̀ yẹn tutọ́ sí i lára.

Níwájú ọ̀gá Jámánì, Múdàṣírù yíhùn padà. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, pé wọ́n na òun kí òun tó sọ ohun tí òun sọ. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n mú òṣìṣẹ́ olójú kan náà wá, ó ní kí sójà sọ orúkọ rẹ̀. Sójà ní Yàhàyá ará Kambolé ni. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Yàhàyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń làágùn. Hàjàrá wò ó. Yàhàyá wo ojú Àlàbí tó fọ́, ó sì wọlé.

"Èmi ni Yàhàyá," ó ní. "Gbogbo Kambolé ló mọ̀ mí. Ọkùnrin yìí ń jìyà mi."

Múdàṣírù kúnlẹ̀. Ó tún gbogbo rẹ̀ kà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá Jámánì kò bínú nítorí Àlàbí. Ohun tó bí i nínú ni pé wọ́n fi orúkọ èké tan òun. Ó ní kí wọ́n na Múdàṣírù, kí ó sì máa fọ́ òkúta títí òun yóò fi sọ pé ó tó. Ó ní kí àwọn tí wọ́n tà máa lọ sílé wọn. Ó sì mú Yàhàyá àti àwọn olówó yòókù, pé kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ wọn. Ọmọ Àníkẹ́ ju òòlù sílẹ̀, ó sáré, kò tilẹ̀ dúró gba oúnjẹ.

Nígbà tí Àlàbí lè rìn dáadáa, òun àti Hàjàrá mú ọ̀nà Kambolé. Wọ́n bá Múdàṣírù ní ibi tí Àlàbí ti máa ń jókòó gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ bó, ó ń fọ́ òkúta. Yàhàyá wà ní apá kejì ọ̀nà, kò gbé ojú sókè. Hàjàrá sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní kí Àlàbí jókòó. Ó tú oúnjẹ, wọ́n sì jẹ ẹ́ níwájú Múdàṣírù, wọn kò kánjú. Múdàṣírù ní òun tọrọ omi nítorí Ọlọ́run. Hàjàrá bu omi inú akèrègbè fún Àlàbí kó fi ṣe àlùwàlá, òun náà ṣe tirẹ̀, wọ́n kírun. Ìyókù, ó dà á sílẹ̀, eruku sì mu ún.

"Ó tó, Hàjàrá," Àlàbí ní. "Jẹ́ ká máa lọ."

Hàjàrá ní kò tó. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó bọ́ sí apá òsì Àlàbí, níbi tí ojú rẹ̀ kò ti ríran mọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì ń lọ.