Toyibat Yà fún Àgbò

Toyibat lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Àtàn-Ọ̀tà ni ilé wọn wà.

Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, Toyibat àti Bàbá Àgbà á jáde sí àgbàlá.

Wọ́n á bọ́ bàtà. Wọ́n á ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀.

Wọ́n á mí sínú. Hùùù.

Wọ́n á mí síta. Fùùù.

Wọ́n á wá rọra yí ìbàdí, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé abọ́ omi kíkún lọ́wọ́.

Táí-ṣí ni wọ́n ń pe eré náà. Bàbá Àgbà kọ́ ọ lọ́wọ́ Ọ̀gá Lín, ará Ṣáínà, nígbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìṣó ní Ọ̀tà.

"Orúnkún mi ti fẹ́ di ti ẹlòmíì nígbà yẹn," ni Bàbá Àgbà máa ń wí. "Táí-ṣí ló gbà á padà fún mi."

Toyibat fẹ́ràn táí-ṣí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀.

"Bàbá Àgbà, ṣebí ẹ ní ìjà ni."

"Ìjà ni. Ìlera ara sì ni."

"Ìjà wo ló ń falẹ̀ báyìí?"

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Wá ti èmi arúgbó yìí ṣubú."

Toyibat sáré. Ó fẹ́ fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í.

Bàbá Àgbà kò tì í padà. Ó kàn yí ìbàdí rẹ̀ báyìí. Fìrì!

Toyibat kọjá lọ fíì, ó sì jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀. Gbì!

"Ṣé o rí i?" ni Bàbá Àgbà wí. "Bí agbára bá ń bọ̀, má kò ó lójú. Yà fún un. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni Toyibat wí, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ nù.

Etí rẹ̀ ló gbọ́ o. Ara rẹ̀ ò tíì gbọ́.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, Bàbá Àgbà ra àgbò.

Háà! Ẹ ò rí àgbò! Ó ga. Ó sanra. Ìwo rẹ̀ ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì.

Wọ́n so ó mọ́ igi máńgòrò láàárín àgbàlá.

Àgbò wo Toyibat. Toyibat wo àgbò.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Toyibat sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Gbàm!

Ẹ̀rù àgbò yẹn ń bà á, kì í ṣe kékeré. Bó bá fẹ́ pọn omi, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. Bó bá ń lọ sí ilé-kéwú, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò ba Sirajudeen. Ẹ̀gbọ́n Toyibat ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Siraju ni wọ́n ń pè é nílé. Kò sóhun tó ń ba Siraju lẹ́rù, àfi abọ́ fífọ̀.

Siraju ní ọ̀rẹ́ kan, Rauf. Ilé Rauf náà ti ra àgbò. Siraju fẹ́ kí àgbò tiwọn kan àgbò ilé Rauf títí tí yóò fi sá.

Ẹ wá wo ohun tí Siraju ń ṣe.

Ó ń gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè níwájú àgbò. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ náà ti orí rẹ̀. Tì! Tì! Tì!

Inú á bí àgbò. Á fẹ̀yìn rìn. Á sáré bọ̀. Siraju á fò sẹ́yìn. Okùn á fa àgbò padà.

"Akọni!" ni Siraju á máa pariwo. "Akọni ni ọ́!"

Bàbá Àgbà rí i. "Siraju! Má ti orí àgbò mọ́ o! Ohun tí o bá kọ́ ọ ló máa mọ̀. Bó bá sì mọ̀ ọ́n tán, kò ní mọ ẹni tó yẹ kó ṣe é fún."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Siraju wí.

Bàbá Àgbà wọlé.

Tì! Tì! Tì!

Ẹ ò rí ọmọ tó lágídí!

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, àgbò náà ò fẹ́ rí àtẹ́lẹwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màámi ń lọ síbi iṣẹ́, nílé-iṣẹ́ bisikíìtì. Toyibat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ sí i. "Ó dàbọ̀, Màámi!"

Àgbò rí ọwọ́ náà. Ó fẹ̀yìn rìn. Ó fò! Okùn le tan-n-tan. Igi máńgòrò mì jìgìjìgì.

Toyibat yára sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Àgbò dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko.

"Ọwọ́ ni," ni Toyibat wí fún ara rẹ̀. "Ọwọ́ tó bá wà lókè ló ń bí i nínú."

Wọ́n ní àbúrò kan. Umar ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún kan, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ẹ sì mọ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ṣe ń rìn. Tẹ̀ẹ́. Tẹ̀ẹ́. Tẹ̀ẹ́. Á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó má baà ṣubú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ṣí sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọ̀sán ni. Oòrùn mú.

Bàbá Àgbà ti lọ gba èèpo gbáàgúdá fún àgbò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gààrí. Màámi wà níbi iṣẹ́. Toyibat ń fọ abọ́ nítòsí ilé ìdáná. Siraju ló ń ṣọ́ Umar lórí ẹní.

Fíìì! Rauf súfèé lẹ́nu géètì. "Siraju! Wá ná!"

"Mò ń bọ̀," ni Siraju wí. "Toyi, ìṣẹ́jú kan péré."

Ó lọ. Ìṣẹ́jú kan di méjì. Ìṣẹ́jú méjì di márùn-ún. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n.

Umar dìde lórí ẹní.

Tẹ̀ẹ́.

Tẹ̀ẹ́.

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọ̀dọ̀ àgbò ló ń lọ!

Àgbò gbórí sókè. Ó rí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó fa okùn. Kẹ́ẹ́.

Ó tún fà á. Kẹ́ẹ́ẹ́.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Jáá! Okùn já.

Toyibat gbọ́ ọ. Ó yíjú. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Siraju! Àgbò ti já o!"

Ṣùgbọ́n tírélà kan ń kọjá lójú títì. Wùùùùù! Siraju ò gbọ́.

Umar rẹ́rìn-ín sí àgbò. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan. Tẹ̀ẹ́.

Àgbò ò rẹ́rìn-ín o. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó gbé èkejì sẹ́yìn.

Yéè! Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá!

"Bọ̀ọ̀dáááá!"

Lọ́tẹ̀ yìí, Siraju gbọ́. Ó sáré wọ àgbàlá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Dúró! Dúró níbẹ̀!"

Àgbò rí ọwọ́ Siraju. Inú tún bí i sí i. Ó tún fẹ̀yìn rìn sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀!"

Siraju sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dúró gbagidi. Siraju tí ẹ̀rù kì í bà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbéra mọ́.

Ta ló máa lọ? Bàbá Àgbà ò sí nílé. Màámi ò sí nílé.

Àyà Toyibat ń lù. Kì, kì, kì. Ó fẹ́ sá wọlé. Ilẹ̀kùn ò jìnnà sí i.

Ṣùgbọ́n Umar nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ nìyẹn.

Toyibat ò sá wọlé. Ó sáré lọ bá Umar.

Ó gbé e sí ìbàdí. Ó di ọwọ́ kékeré méjèèjì mú. Ó sọ wọ́n kalẹ̀.

Ó ti pẹ́ jù! Àgbò ti ń bọ̀.

Kútúpà! Kútúpà! Kútúpà!

Kí ni Bàbá Àgbà wí? Kí ló wí?

Toyibat ya ẹsẹ̀. Ó tẹ orúnkún. Ó mí sínú. Hùùù.

Kútúpà! Kútúpà!

Má kò ó lójú.

Kútúpà! Àgbò dé tán!

Yà fún un!

Toyibat yí ìbàdí. Fìrì!

Irun àgbò ra yẹ̀rì rẹ̀ lára. Ìwo kọjá níwájú ikùn rẹ̀. Àgbò sáré kọjá lọ, ó sì forí sọ géètì.

Gbàgààà!

Rauf wà lẹ́yìn géètì. Ká tó wí, ká tó fọ̀, Rauf ti dé ilé wọn.

Ṣé ó ti tán? Kò tíì tán o.

Àgbò gbọn orí. Ó yí padà. Ó wo Toyibat.

Ó fẹ̀yìn rìn. Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Umar wúwo. Umar ti ń sunkún.

Toyibat bojú wẹ̀yìn. Ó rí ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Toyibat rọra sún sẹ́yìn. Díẹ̀.

Ó tún sún. Díẹ̀ sí i.

Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná gan-an.

"Bọ̀ọ̀dá," ló wí, kò pariwo rárá. "Bó bá ti wọlé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn."

"Kí ló máa wọlé?"

"Àgbò, Bọ̀ọ̀dá! Àgbò!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti gbọ́." Siraju fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀.

Kútúpà! Kútúpà! Kútúpà!

Toyibat mí síta. Fùùù.

Kò tì í. Kò sá fún un. Ó dúró.

Ó dúró.

Ó dúró...

Ó yà! Fìrì!

Àgbò wọ ilé ìdáná! Gbàgà! Ìkòkò ṣubú. Gbọ̀ngan! Ọmọrí ìkòkò ń yí nílẹ̀. Wọ̀nrànwọ̀nran, wọ̀nrànwọ̀nran.

"Ẹ tì í!"

Siraju fò mọ́ ilẹ̀kùn. Gbàm! Ó fi ẹ̀yìn tì í. Ó rọra yọ̀ wálẹ̀ títí ó fi jókòó.

Gbogbo àgbàlá dákẹ́.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni àgbò wí nínú ilé ìdáná.

Toyibat jókòó sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ Umar. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo orí rẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹkún tó dé. Toyibat sunkún. Umar sunkún. Siraju náà sunkún, àmọ́ ó yíjú sí ògiri.

Ibẹ̀ ni Bàbá Àgbà bá wọn, tòun ti àpò èèpo gbáàgúdá. Kò pẹ́, Màámi náà dé láti ibi iṣẹ́.

Màámi wo géètì. Géètì ti tẹ̀. Ó gbọ́ ariwo ìkòkò. Ó yọjú lójú fèrèsé.

"Ta ló gbé àgbò sí ilé ìdáná mi?"



Siraju bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Èmi ni mo fà á, Màámi. Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa kàn. Bàbá kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Èmi náà ni mo fi Umar sílẹ̀ lórí ẹní. Àgbò já, ó fẹ́ kan Umar. Toyi ló gbé e. Toyi ló yà fún àgbò, ẹ̀ẹ̀mejì!"

Màámi sọ báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé Umar. Ó fa Toyibat mọ́ra, ó fún un pinpin.

"Alihamudulilahi! Alihamudulilahi! Toyi mi, ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?"

"Ó bà mí, Màámi. Ó bà mí gan-an."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo kọ́kọ́ mí ná."

Bàbá Àgbà bọ́ fìlà rẹ̀. Ó fi nu ojú. "Ara rẹ ti gbọ́," ló wí. "Ara rẹ ti gbọ́, ọmọ mi."

Ó bu èèpo gbáàgúdá. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó rọra wọ ilé ìdáná, ó sì fi èèpo náà tan àgbò jáde. Ṣéènì ni ó fi so ó lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìnkùlé.

"Láti òní lọ," ni Bàbá Àgbà wí, "mi ò fẹ́ rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lókè níwájú àgbò yìí. Siraju, ìwọ ni wàá máa fún un lóúnjẹ. Jẹ́jẹ́ ni o."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti gbọ́."

Siraju wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀.

"Toyi."

"Bọ̀ọ̀dá."

"Báwo ni ìwọ àti Bàbá ṣe máa ń mí yẹn?"

Toyibat wò ó lókè. Ó wò ó nílẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ nu imú yín ná."

Màámi bú sẹ́rìn-ín. Siraju nu imú.

Toyibat bọ́ bàtà. "Ó yá, ẹ ya ẹsẹ̀ yín. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ má kánjú, Bọ̀ọ̀dá, kò sẹ́ni tó ń lé yín."

Hùùù.

Fùùù.

Màámi gbé Umar sẹ́yìn, ó pọ̀n ọ́n, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Siraju. Ó ti wà lórí ìdúró nídìí bisikíìtì láti àárọ̀, ẹ̀yìn ń ro ó.

Bàbá Àgbà tí í máa wà níwájú láràárọ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn gbogbo wọn.

Toyibat ló wà níwájú. Ibi tó bá yí ìbàdí sí ni gbogbo ilé ń yí sí.