Làákàyè Mofolúwakẹ́

Òjò ń dà ní gáréèjì Ìkìrun. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì Òkukù, ó na agbòjò bo agbọ̀n ọ̀gbìn tòmátì, òun fúnra rẹ̀ ti rin gbindin.

Mofolúwakẹ́ yọrí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì náà. "Bọ̀dá, ẹ ẹ̀ mà lo làákàyè."

"Àǹtí, kí ló ń jẹ́ làákàyè?"

Olùkọ́ Yorùbá ni obìnrin náà ní Òkukù. "Kéèyàn ro nǹkan dáadáa kó tó ṣe é ni."

"Mo kúkú rò ó. Bójò pa ọ̀gbìn yìí, ó kú nìyẹn. Èmi á gbẹ."

Ẹ̀rín pa Mofolúwakẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín báyẹn. Ó ń dá gbé ni. Rédíò ló ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ.

Fáwọlé lorúkọ ọkùnrin náà, àgbẹ̀ ni ní Eko Ende. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú. Láti ọjọ́ òjò náà ni òun àti Mofolúwakẹ́ ti ń wá ara wọn, títí ọ̀rọ̀ fi di ti ìgbéyàwó, tí Mofolúwakẹ́ mú un lọ rí ìyá rẹ̀ ní Inisa.

Fáwọlé kò tíì jáde tán tí ìyá fi sọ̀rọ̀. "Ọkùnrin tíyàwó kú mọ́ lọ́wọ́? Ẹni tó ní làákàyè kì í wọ irú ilé bẹ́ẹ̀."

Fáwọlé gbọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Kò pè mọ́.

Òjò dá, ọyẹ́ dé. Mofolúwakẹ́ ń se oúnjẹ, kì í lè jẹ ẹ́ tán. Níjọ́ kan, ó gba Inisa lọ.

"Ìyá, látìgbà tí bàbá ti kú, báwo loúnjẹ ṣe ń rí lẹ́nu yín?"

"Kò dùn mọ́."

"Ẹ̀rù lẹ̀ ń pè ní làákàyè, Ìyá. Èmi náà ti rò ó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ."

Ìyá fi etí ìró nu ojú. "Bá mi kí i."

Mofolúwakẹ́ bá Fáwọlé lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Eko Ende, ó ń ro ìdí sàréè Àjíkẹ́. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ààyò mi! Mo ṣebí o ti gbàgbé mi."

"Ìyá ní kí n kí yín."

Fáwọlé yíjú sí sàréè náà. Mofolúwakẹ́ sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Ìyálé mi, ẹ kú ilé o. Mo ti dé."