Ìbàmú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ọ̀gá ọlọ́pàá Akínwándé ń fi aṣọ tútù nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú òkú. Ìlà ìbàmú kan yọ, láti orí imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sáàárín ìhunjọ ojú.

Àlàájì Jàmíù ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń ya fótò nítòsí ọjà Creek Road ní ìlú Pọta láti ìgbà èwe. Orí rẹ̀ ti fọ́ létí tábìlì irin.

Àwọn kámẹ́rà wà níbẹ̀. Àpótí fíìmù nìkan ni kò sí.

"Àná ló wà níbí," ni Mutmainah, ọmọ olóògbé, wí. "Bàbá kì í jẹ́ kí fíìmù jáde. Fótò nìkan ni wọ́n ń fún èèyàn. Ọ̀gá, ìyá mi wà nínú àpótí yẹn. Lọ́dún 1999, iná jó wọn mọ́lé, tàwọn ti gbogbo fótò wọn. Bàbá ò lè wo ojú wọn mọ́, wọn ò tún fótò ìyá mi tẹ̀ látinú fíìmù. Ẹ bá mi wá a."

Akínwándé wo ara ògiri. Fótò Àlàájì nígbà ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, òun nìkan, ìbàmú lósì. Férémù bo etí fótò náà.

"Ta ni wọ́n ń bá jà?"

"Boma onílé, ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi Sherifdeen, ó fẹ́ ta kámẹ́rà. Àti Tèmiolúwa, tó ń fi AI ya ìtàn Pọta. Ó ti wá bẹ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì nítorí fíìmù."

Boma rẹ́rìn-ín nígbà tí Akínwándé bi í léèrè. "Oga, if na shop I want, wetin I go use film do? I go cook am?"

Sherifdeen ò rẹ́rìn-ín. "Kámẹ́rà ni mo fẹ́, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Ṣé olè tó gbàgbé ẹrù ni mí ni?"

Akínwándé mú Mutmainah dání lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ pàtẹ àwòrán sí. Tèmiolúwa ń gbé àwòrán kọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Pọta ni. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò ya ìlú àtijọ́ jáde: rélùwéè, etí omi, ọjà. Ojú gbogbo èèyàn inú wọn dán bí dígí.

Àfi ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kámẹ́rà dání. Ìbàmú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Níbo lo ti rí eléyìí?"

"Machine ló yà á, sà. I just type 'Yoruba photographer'."

"Ìwọ lo ní kó bù ú ní ìbàmú?"

"Kí ni ìbàmú?"

Akínwándé nàka sí i.

"That line? I think say na scratch for the..."

"Lára kí ni?"

Tèmiolúwa yíjú sí àwòrán.

"Lára fíìmù," ni Akínwándé wí.

"No, sà. Èyí tó wà lára ògiri wọn ni mo snap."

"Ti ara ògiri wà lósì. Tìrẹ wà lọ́tùn-ún. Fíìmù tí èèyàn dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ẹ̀rọ ló ń yí òsì padà sí ọ̀tún bẹ́ẹ̀. Fíìmù ò sì kúrò lọ́wọ́ Àlàájì rí, àfi lọ́jọ́ tó kú."

Tèmiolúwa jókòó sílẹ̀.

"Mo bẹ̀ wọ́n. Without that film, irọ́ ni gbogbo ohun tí machine ń yà. Mo fẹ́ kí ìlú rí ara rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò ní jẹ òkú àwọn. Wọ́n di àpótí mú. Mo tì wọ́n."

"Àpótí náà ńkọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí. I throw am for water, for Amadi-Ama. Ẹyọ kan péré ni mo tíì lò."

Mutmainah ò sunkún. Ó ń wo ẹnu Tèmiolúwa.

"Sister, mo lè ní kí machine ṣe ìyá yín. Ẹ ṣá sọ bí wọ́n ṣe rí..."

"Pa ẹnu ẹ dé."

Àwọn ọlọ́pàá wá inú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò rí nǹkan kan.

Fíìmù kan ló ṣẹ́kù, lábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ tí Tèmiolúwa fi ń da àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Mutmainah gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni, ìbàmú lósì. Ọwọ́ obìnrin kan, tòun ti òrùka tí ìyá rẹ̀ máa ń wọ̀, wà léjìká bàbá náà. Ọrùn ọwọ́ ni fíìmù náà parí sí.