Ẹ̀pà Mẹ́wàá Lásìkò Ìṣínu

Ó ti rẹ Fẹ̀hìntọlá kí Lìádì tó wọlé lọ́jọ́ náà, lọ́dún 1983. Láti aago méje òwúrọ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí ti ń yẹ àwọn aláìsàn wò nílé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù: wọ́n á fi ẹ̀pà mẹ́wàá sẹ́nu, wọ́n á rún un nígbà ogún, wọ́n á tu ú sínú abọ́. Òun á wá fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kó lè mọ̀ bí eyín wọn ṣe ń lọ oúnjẹ tó.

Oníṣòwò obì ni Lìádì, ẹni ogójì ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu. Ó wo ẹ̀pà náà, kò gbà á.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, mò ń gbààwẹ̀."

Inú bí Fẹ̀hìntọlá sí ara rẹ̀ pé òun gbàgbé pé oṣù Ààwẹ̀ ni. Dọ́kítà tó ń ti Ìbàdàn wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì ní fọwọ́ kan eyín tí wọn kò tíì yẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ ń ro ó, síbẹ̀ ó ní kí ọkùnrin náà padà wá tí oòrùn bá wọ̀, òun á dúró dè é.

Lìádì padà wá. Ó mu omi, ó da ẹ̀pà sẹ́nu, Fẹ̀hìntọlá ń kà. Nígbà tó pé ogún, ó gbé abọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lẹ́nu Lìádì mọ́. Ebi ti gbé ẹ̀pà mì.

Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Wọ́n ka mẹ́wàá mìíràn, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ìyókù. Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ìfẹ́ nìkan kì í gbéyàwó. Hàbíbátù, ìyá Lìádì, gbà lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ọdún kan. Ìyá Fẹ̀hìntọlá, tó jẹ́ ìyá ìjọ ní Ìlárá, kọ̀ jálẹ̀: òun ò ní fi ọmọ fún Ìmàle, bí ọmọ náà tilẹ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Lìádì ní, "Fẹ̀hìn mi, màá dúró." Ọdún kejì tún kọjá.

Ní Sátidé kan, Fẹ̀hìntọlá jókòó ti ìyá rẹ̀. Kò sunkún, kò jà.

"Màmá, ó ti rẹ̀ mí. Bí ẹ ò bá fẹ́, mi ò ní lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn, inú ilé yìí ni màá darúgbó sí."

Ìyá náà bi í pé:

"Ṣé ó máa jẹ́ kí o máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ó ní òun fúnra òun á máa gbé mi lọ."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Sọ fún un kó wá. Ṣùgbọ́n kó má wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú ìjọ ti pọ̀ jù."