Búrẹ́dì Ẹ̀yìn Dúrọ́ọ̀mù

Ọjọ́ tí Òkúta ṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá, orí búrẹ́dì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Dúró jẹ́ẹ́, kí n má baà gún ẹ níbi tí kò yẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí, ó fi ìka méjì mú awọ ikùn rẹ̀, ó sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí àtọ̀gbẹ ti wọ ara ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ, ti ń gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wọn: bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, oúnjẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ náà ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni, bí kò bá sì bá oúnjẹ níkùn, ẹni tó ni ara ló máa kọjú ìjà sí.

"Ó yá, jẹ búrẹ́dì yẹn níṣojú mi."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ti pẹ́. Màá jẹ ẹ́ lọ́nà."

"Ṣé òótọ́ ni? Má pa mí o! Ìwọ nìkan ni àbúrò tí mo ní."

Òkúta búra. Bó ti jáde báyìí, ó ju búrẹ́dì sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, ó sì sáré lọ.

Ọjọ́ ìwọ̀n ni. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ẹgbẹ́ ìjàkadì ilé ìwé wọn, ti àwọn ọlọ́gọ́ta kílò, òun àti Àgùnfọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń dù ú. Lánàá, òṣùwọ̀n fi díẹ̀ kọjá ọgọ́ta nígbà tí Òkúta gùn ún. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nílé ìwé pé àìsàn kankan ń ṣe é. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni kóòṣì, ọkùnrin kúkúrú kan tí ìjàkadì ti sọ etí rẹ̀ di wíwú, pariwo pé, "Mi ò fẹ́ aláìsàn lórí ẹní mi o!" Àwọn tó ń fi orí fífọ́ ṣe bojúbojú kí wọ́n má baà sáré ló ń bú, àmọ́ Òkúta gbé ọ̀rọ̀ náà sáyà, ó sì ń gbé e kiri.

Òṣùwọ̀n dúró sórí ọgọ́ta géérégé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òkúta rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Àgùnfọn gbé e sókè, ó là á mọ́ ẹní, ẹ̀jẹ̀ yọ nímú rẹ̀. Òkúta dìde, ó forí sọ ọ́ láyà, àwọn méjèèjì ṣubú wìì. Òógùn tútù ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àgùnfọn méjì ló ń rí, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ pa á. Kóòṣì fọn fèrè pé ó tó. Àgùnfọn na ọwọ́ sí i láti fà á dìde.

Òkúta gba ọwọ́ náà mú. Ó lọ́ ọ sẹ́yìn, ó fi orúnkún tẹ ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fà á títí tí egungun fi dún bí igi gbígbẹ. Àgùnfọn ké. Kóòṣì sáré dé, Òkúta fi ìgbọ̀nwọ́ fọ́ ọ lẹ́nu. Ni àwọn yòókù bá dà bò ó, ìkúùkù ń lọ, ìpá ń bọ̀.

"Ó ti mutí!"

"Igbó ló fà! Ẹ lù ú!"

Ẹnìkan ta á ní ìpá níhà lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá wọn ì bá pa á. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ bu omi ìwẹ̀ ló rí búrẹ́dì lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù. Ó gbá agolo ṣúgà mú, ó sì sáré dé ilé ìwé náà pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Ẹ má lù ú mọ́! Àtọ̀gbẹ ni, kì í ṣe ọtí! Ṣúgà ló tán lára rẹ̀ tí orí rẹ̀ fi dàrú! Ẹ bá mi dì í mú!"

Ó bu ṣúgà sí i lẹ́nu. Òkúta gé ìka rẹ̀ jẹ títí eyín fi kan eegun. Ọmọbìnrin náà lọgun, ṣùgbọ́n kò yọ ìka rẹ̀ kúrò. Ó ń fi í pa ṣúgà mọ́ ọn lẹ́rìgì, ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà jọ ń ṣàn sílẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni Òkúta ti lajú. Ó wo aṣọ funfun tí wọ́n fi di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí, ta ló ṣe yín léṣe báyìí?"

Kóòṣì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìgbà tó rí ètè kóòṣì tó wú ni gbogbo rẹ̀ yé e, ó sì bú sẹ́kún.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni kóòṣì béèrè.

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ aláìsàn, sà."

"Ọ̀lẹ ni mò ń bá wí, ọmọ yìí! Ká ní o sọ ni, ìwọ̀n tó ga ju èyí lọ ni ǹ bá fi ẹ́ sí, wàá sì máa jẹun ẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Ní báyìí, kò sí ìwọ, kò sí Àgùnfọn nínú ẹgbẹ́ náà."

"Ara kì í wúwo kí alára má gbé e," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ìwọ lo fẹ́ sọ tìẹ nù sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó padà délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè di nǹkan mú. Òkúta fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó gún ara rẹ̀, ó sì jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán níṣojú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló lọ sílé Àgùnfọn. Ìyá ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Àgùnfọn dìde pẹ̀lú apá tí wọ́n so kọ́ ọrùn, ó sì fi ọwọ́ tó kù gbá a létí tí èjìká rẹ̀ fi lu férémù ilẹ̀kùn. Òkúta kò gbé ọwọ́ sókè.

"Àtọ̀gbẹ ni mo ní," ló wí. "Ọdún kẹta rèé. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

 Ojú Àgùnfọn ti ń pọ́n.

"O ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Mo ti jẹun."

"Wá jókòó nígbà yẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ kó tini lójú. Àmọ́ ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, àwọn gan-an ni yóò kọ́kọ́ ṣe léṣe.