Adájọ́ Tó Ti Ìyá Àgbà Mọ́lé Nítorí Orúkọ

Ní ìlú Cotter's Ford, ní Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí aláwọ̀ dúdú tó jókòó sórí àga ìdájọ́ rí, àfi Lemuel Tarpley. Lọ́jọ́ tó búra, àwọn ènìyàn rẹ̀ sunkún ayọ̀. Wọ́n din ẹja, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọn ò mọ ohun tó ń jẹrà nínú rẹ̀. Ó máa ń mu wisikí kó tó jókòó, á wá jẹ súìtì míǹtì kí ẹnu rẹ̀ má baà rùn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ rùn ju ọtí lọ. Bí àwọn lọ́yà funfun bá fi ìran rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Ó ń kóni nírìíra.

Nílùú yẹn, láti ayé oko ẹrú, àwọn aláwọ̀ funfun kì í fi "Ọ̀gbẹ́ni" tàbí "Ìyáàfin" kún orúkọ aláwọ̀ dúdú, bó ti wù kó dàgbà tó. Lọ́jọ́ kan, Ìyáàfin Ozella Gaines wá jẹ́rìí ní kóòtù. Ìyá arúgbó yìí ló kọ́ Lemuel ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní kékeré.

Lọ́yà Strickland, aláwọ̀ funfun, ọmọdé àná, dìde. "Ozella, kí lo rí?"

Ìyá kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ozella! Ṣé etí ẹ di ni?"

"Etí mi ò di, ọmọ mi. Mò ń wo ẹnu ọ̀nà ni, bóyá ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Ozella á wọlé. Ní tèmi, Ìyáàfin Gaines ni mí."

Àwọn tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Strickland wo ojú adájọ́.

Lemuel mọ̀ pé ìyá jàre. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù kí àwọn aláwọ̀ funfun má kọ̀ ọ́. "Ozella, dá a lóhùn," ló wí. Òun náà pè é ní Ozella! Ìyá kọ̀. Lemuel ní ìyá tàbùkù sí kóòtù, kí wọ́n lọ tì í mọ́lé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Díákónì Hosea Pickett, ọ̀rẹ́ Lemuel láti kékeré, wọlé tọ̀ ọ́ láìkanlẹ̀kùn.

"Lem, gbé gíláàsì yẹn sílẹ̀. Ìyá Gaines ń kú lọ ní àtìmọ́lé."

"Òfin ni, Hosea."

"Òfin, àbí ìbẹ̀rù Strickland? A rò pé adájọ́ la yàn, àṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni! Dìde, ká lọ wò ó."

Òórùn ìtọ̀ ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá sùn sórí sìmẹ́ǹtì, èébì ti gbẹ mọ́ ọrùn aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Eṣinṣin ń bà lé e lẹ́nu. Lemuel náà bì. Wisikí ló ń jáde. Ara rẹ̀ wá ń rí i lára, bí ẹni tó rí ìdin nínú ọbẹ̀ tó ti jẹ dé ìdajì.

"Má wo tèmi, ọmọ," ni ìyá wí. "Jésù ni kó o wò. Òun náà dúró níwájú adájọ́ tó ń bẹ̀rù ènìyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Òun gan-an ni adájọ́ náà! Ó kúnlẹ̀ sínú ìdọ̀tí. "Jésù, èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣàánú mi."

Wọ́n gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó sàn, kóòtù tún jókòó. Lemuel sọ̀ kalẹ̀ lórí àga rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. "Ìyáàfin Gaines, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó yíjú sí lọ́yà. "Pe ìyá yìí bó ṣe yẹ, tàbí kó o jáde."

Strickland yíjú sí ìyá. "Ìyáàfin... Gaines."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá wí. "Mo ti ń gbọ́ ẹ báyìí."

Àwọn aláwọ̀ funfun ò dìbò fún Lemuel mọ́, ó sì pàdánù àga ìdájọ́ náà. Kò mutí mọ́ títí ó fi kú.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta lò ń bẹ̀rù? Ta lò ń tìtorí rẹ̀ tẹ ẹ̀rí ọkàn rẹ mọ́lẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ. Ikú kì í ránṣẹ́ ṣáájú, Adájọ́ tòótọ́ sì ń bọ̀. Má sọ pé ó di ọ̀la. Sọ fún Jésù nísinsìnyí pé o jẹ̀bi. Kò ní lé ọ.