Irun Orí Màdáámú

Ọrùn aṣọ náà dọ̀tí. Ohun tí kò yé ìyá alágbàfọ̀ nìyẹn, torí pé ère ìda ló ni aṣọ, ìda kì í sì í làágùn.

Ó gbé aṣọ náà símú, bó ṣe máa ń ṣe kó tó ki aṣọ bọ omi. Òórùn abíyá gbá a lójú. Ọ̀rá dúdú lẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ náà típẹ́típẹ́, bí ọ̀rá ọrùn ẹni tí kò mọ ojú omi. Ìyá tutọ́ sílẹ̀.

"Irú ìríra wo tiẹ̀ lèyí!"

Inú ilé ńlá àtijọ́ kan ló ti ń ṣiṣẹ́, létí ìlú, láàárín àwọn ilé tuntun tó jọra bí ìbejì. Ayàwòrán kan ló gbé ibẹ̀ láyé ọjọ́un. Nígbà tó kú, wọ́n sọ ilé náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn èèyàn máa ń wá wo àwòrán rẹ̀, àga rẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n fi ìda mọ, tí wọ́n wọ láṣọ, tí wọ́n gbé jókòó sídìí tábìlì ìjẹun. Màdáámú ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe ère náà. Ìyá ló ń fọ aṣọ Màdáámú. Ọmọbìnrin tí ìyá bí ló ń mú àlejò yí ilé ká.

Ọmọ yẹn ló wá ń kó ìyá lọ́kàn sókè. Kì í fẹ́ jẹun mọ́. Ara rẹ̀ ń dán, ó tutù, ooru kì í sì í mú un. Láti kékeré, bí òòyà bá ti kan orí rẹ̀ báyìí, á figbe ta: "Màámi, ẹ rọra!" Ní báyìí, ìyá á ya irun rẹ̀ títí, ọmọ á jókòó jẹ́ẹ́, bíi pé orí ẹlòmíì ni.

Ìyá fọ aṣọ, ó gbé e wá sí yàrá ìjẹun. Ó bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń nu tábìlì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń wọ aṣọ Màdáámú?"

"Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́, Màámi."

"Ṣé ògiri ló wá ń làágùn sí i ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rín. "Orí Màdáámú ló pá. Àwọn ọ̀gá ní ká dúró de irun ẹṣin tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn àlejò sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá fi irun tó já sójú òòyà mi dí i."

"Irun orí ara rẹ? O fi lé ère lórí? Ṣé orí rẹ pé ṣá?"

Agogo ẹnu ọ̀nà dún. Ọmọ náà lọ pàdé àlejò ní pálọ̀.

Ìyá sún mọ́ Màdáámú. Irun náà ti kún, ó ń dán fún ọ̀rá. Iná orí kan jáde lẹ́bàá etí, ó tún sá wọlé. Èékánná rẹ̀ ti gùn, ìdọ̀tí kún abẹ́ wọn. Itọ́ ń fà láti igun ẹnu rẹ̀ bọ́ sínú àwo. Ìyá ti fọ aṣọ aláìsàn, ó ti fọ aṣọ òkú, kò rí irú èyí rí.

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Irun ọmọ mi ni mo wá gbà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó di irun náà mú, ó fà á. Kò já. Awọ orí ló bá a dìde, omi pupa rúsúrúsú sì sun sí i níka, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá dúró, ó tẹ́tí sí pálọ̀, bóyá ọmọ rẹ̀ á ké. Ọmọ kò ké. Ohùn rẹ̀ ń lọ geere.

Ọkàn ìyá balẹ̀. Kò kan ọmọ òun. Ó tún fà á, tagbáratagbára.

Ní pálọ̀, ọmọ náà ń wí fún àwọn àlejò pé: "Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó wọ ilé yìí, èmi ni mo yan àga wọ̀nyí." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni.

Ọmọ náà kò lọ́kọ rí.

Lábẹ́ ọwọ́ ìyá, ẹnu ère náà là díẹ̀. Èémí gbígbóná fẹ́ sí i lọ́rùn ọwọ́.

"Màámi," ohùn tín-ín-rín kan wí, "ẹ rọra."